Bí Ẹ Ṣe Lè Fìdí Ìwé Ìhágún Múlẹ̀ Nígbà Tí Ẹbí Bá Ń Ta Kò Ó

Òkú kì í jẹ́rìí ní kóòtù. Bàbá tó ṣe ìwé ìhágún kò lè dìde wá sọ fún adájọ́ pé ọwọ́ òun ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà òfin gbé ẹrù náà lé ẹni tó mú ìwé jáde. Òun ni yóò kọ́kọ́ fi hàn pé olóògbé ló ṣe é, pé ó ṣe é bí òfin ṣe wí, pé orí rẹ̀ pé nígbà náà, àti pé ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà là á kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Johnson àti Maja ní 1951, àwọn kóòtù wa sì ń tẹ̀ lé e títí dòní. Ìgbà tí ẹ bá ti sọ ẹrù yẹn kalẹ̀ ni ẹni tó ń pariwo pé ayédèrú ni, tàbí pé wọ́n fipá mú bàbá, yóò tó wá gbé tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹbí ni kò mọ èyí. Wọ́n á jókòó tẹtẹrẹ, wọ́n á ní ẹni tó bá sọ pé irọ́ ni kó wá fi hàn. Oṣù ń lọ, ọdún ń yí, àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá fọwọ́ sí ìwé ń darúgbó, òmíràn ti kọjá sí òkè òkun, òmíràn ti kú. Bí ẹ bá máa mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ mú èyí: ẹ wá àwọn ẹlẹ́rìí méjì tó fọwọ́ sí ìwé náà kí ẹ tó wá ohunkóhun mìíràn.

Òfin tí mo ń tẹ̀ lé níbí ni Òfin Ìhágún ti ìpínlẹ̀ Èkó àti èyí tí àwọn ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó àti Èkìtì jogún láti ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà àtijọ́. Inú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1837 ni gbogbo wọn ti jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jọra. Bí Kwara ni olóògbé wà, tó sì jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ rí lọ́yà ibẹ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, torí òfin tiwọn lórí irú ìwé yìí yàtọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì próbéètì, ẹ̀ka tó ń bójú tó ìwé ìhágún àti àṣẹ lórí ogún, ní ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú tí NPC, àjọ ètò ìkànìyàn, fún yín dání, kí ẹ sì béèrè bóyá olóògbé fi ìwé ìhágún pamọ́ sọ́dọ̀ wọn. Bó bá wà níbẹ̀, wọn yóò dá ọjọ́ fún ẹbí, wọn yóò já èdìdì rẹ̀ lójú gbogbo ẹni tó bá wá, wọn yóò sì kà á sétí yín. Ìwé tó tibẹ̀ jáde níyì ní ti pé kò sẹ́ni tó lè sọ pé ẹ lọ ki í bọ abẹ́ ìrọ̀rí bàbá lẹ́yìn tó kú. Ṣùgbọ́n ibi ìpamọ́ lásán ni próbéètì jẹ́. Adájọ́ yóò ṣì béèrè ẹni tó fọwọ́ sí i àti ẹni tó wà níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ lọ́yà, báńkì, tàbí inú àpótí ilé lẹ ti rí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: ta ló ṣí àpótí, ta ló wà níbẹ̀, aago mélòó, inú àpò ìwé wo ló wà, ṣé wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa tàbí ó wà ní ṣíṣí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ pínnì tó so ojú ìwé pọ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe fọ́tókọ́pì máa ń tú u, á ṣe é tán, á tún lu pínnì tuntun mọ́ ọn. Ihò méjì àtijọ́ á wá wà létí bébà tí pínnì kankan kò sí nínú rẹ̀. Àmì ìpẹtà pupa á wà lórí ojú ìwé kìíní àti ìkẹrin, kó má sí lórí ìkejì àti ìkẹta. Ohun tí lọ́yà tó bá mọṣẹ́ yóò gbé síwájú adájọ́ nìyẹn: pé ẹ ti pààrọ̀ ojú ìwé tó wà láàárín. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà, kí ẹ kó ojúlówó sínú àpò ìwé mímọ́, kí ẹ má sì kọ nǹkan kan sí i lára, ì báà jẹ́ nọ́ńbà fóònù.

Tí ẹ bá wá ojúlówó títí tí ẹ kò rí i, ohun tó ṣe pàtàkì ni ọwọ́ ẹni tó wà gbẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ ọwọ́ bàbá fúnra rẹ̀ ni, òfin yóò kà á sí pé òun ló ya á dànù nítorí ó ti yí ọkàn padà, ẹ̀yin lẹ ó sì mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọwọ́ lọ́yà ló ti sọnù, kóòtù kì í rò bẹ́ẹ̀, ẹ lè fi ẹ̀dà tàbí ẹnu ẹni tó kọ ọ́ fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn. Ìwé tó wà ní kóòtù pàápàá lè ṣègbé. Nígbà tí wọ́n dáná sun ilé ẹjọ́ gíga Ìgbóṣẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹwàá 2020, ọ̀pọ̀ fáìlì ló bá iná lọ. Nítorí náà, ní gbàrà tí próbéètì bá ti ka ìwé náà, ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, ju ẹyọ kan lọ, kí ẹ fi wọ́n sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹlẹ́rìí méjì

Ohun tí òfin béèrè kò ju báyìí lọ: kí ìwé wà ní kíkọ sílẹ̀; kí olóògbé fọwọ́ sí i, tàbí kí ẹlòmíràn bá a fọwọ́ sí i níṣojú rẹ̀ lórí àṣẹ rẹ̀; kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó jẹ́wọ́ pé ọwọ́ òun nìyẹn, níṣojú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ nígbà kan náà; kí àwọn ẹlẹ́rìí náà sì fọwọ́ sí i níṣojú rẹ̀. Ìtẹ̀ka tó fún ẹni tí kò mọ̀wé. Kò pọn dandan kí ẹlẹ́rìí mọ ohun tí bàbá pín fún ta ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ti ń kú ni "nígbà kan náà" yẹn. Bàbá fọwọ́ sí i láàárọ̀, dírẹ́bà rẹ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, aládùúgbò kan yà bá a, wọ́n ní kó bá wọn sáìn, kò tilẹ̀ rí ibi tí bàbá ti ń sáìn, bàbá kò sì fi ìbuwọ́lù náà hàn án pé tòun ni. Ìbuwọ́lù mẹ́ta wà lórí ìwé, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ sí i, ó sì ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Apatira àti Akanke ní Èkó ní 1944, irú àìjẹ́rìí-bó-ṣe-yẹ bẹ́ẹ̀ ló gbé ìwé ìhágún Mùsùlùmí kan ṣubú.

Nítorí náà, kí lọ́yà yín tàbí akọ̀wé rẹ̀ lọ bá ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kí ẹ̀yin tí ẹ ó jogún má bá wọn jókòó, kí ẹnikẹ́ni má kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò sọ. Kí ó bi wọ́n ní ìbéèrè tí ẹni tó wà níbẹ̀ nìkan lè dáhùn. Yàrá wo ni? Ta ló jókòó síbi wo? Báírò bàbá ni wọ́n lò ni, àbí ti lọ́yà? Ta ló kọ́kọ́ sáìn? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni jáde lọ gba fóònù tàbí lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí wọ́n tó parí? Èdè wo ni bàbá ń sọ? Ẹnikẹ́ni ha ka ìwé náà fún un? Kí wọ́n kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹnu tiwọn, kí wọ́n búra sí i.

Ẹ má bẹ̀rù bí ẹnì kan bá sọ pé àga aláwọ̀ búlúù ni bàbá jókòó lé, tí èkejì ní àwọ̀ ewé ni. Adájọ́ mọ̀ pé ènìyàn ń gbàgbé. Ohun tó máa ń kọ adájọ́ lóminú ni kí ẹlẹ́rìí méjì ka ọ̀rọ̀ kan náà láìyẹsẹ̀, bí ọmọ ilé ìwé tó há a sórí.

Tí ẹlẹ́rìí kan bá ti darúgbó gan-an tàbí tí ara rẹ̀ kò yá, lọ́yà yín lè bẹ kóòtù kó gba ẹ̀rí rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Èyí tó wà ní London tàbí Houston lè jẹ́rìí láti ibẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí adájọ́ bá gbà. Láti 2020 ni ilé ẹjọ́ gíga Èkó ti ní ìlànà fún irú ìgbẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Tí àwọn méjèèjì bá ti kú, ọ̀nà kò tíì dí: ẹ wá ẹni tó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé wọn, ìyàwó, ọ̀gá níbi iṣẹ́, akọ̀wé ìjọ, kó wá jẹ́rìí pé ọwọ́ lágbájá nìyí, kí ẹlòmíràn sì jẹ́rìí sí ọwọ́ olóògbé. Tí ẹlẹ́rìí bá wà láàyè ṣùgbọ́n tó ti gbàgbé, gbólóhùn tó máa ń wà nísàlẹ̀ ìwé, tó sọ pé gbogbo wọn jọ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i, yóò ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀. Kóòtù yóò gbà pé wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ, àyàfi bí ẹnì kan bá mú ẹ̀rí tó lágbára wá pé wọn kò ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láìnídìí: ẹlẹ́rìí tí wọ́n tún fún ní ogún nínú ìwé kan náà. Èyí kò ba ìwé jẹ́. Ẹ̀bùn tí wọ́n fún ẹlẹ́rìí yẹn, tàbí fún ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀, ni yóò pàdánù. Ìyókù dúró bó ṣe wà.

Nígbà tí wọ́n bá fi ìwé dí yín lọ́nà

Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí ìwé ìhágún yóò lọ fi káfíàtì sílẹ̀ ní próbéètì. Ìwé ìdènà ni. Ó ń sọ fún rẹ́jísírà pé kó má fún ẹnikẹ́ni láṣẹ lórí ogún yìí láìjẹ́ kí òun gbọ́. Oṣù mẹ́ta ló ń lò, ó sì lè sọ ọ́ di ọ̀tun. Ẹ má bá a jà nílé. Ẹ ní kí próbéètì fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí i kó wá sọ ohun tó ní nínú ogún náà. Bó bá dákẹ́, ọ̀nà á là. Bó bá fèsì, ẹjọ́ dé nìyẹn. Àwọn tí olóògbé yàn láti mú ìwé náà ṣẹ, tí lọ́yà ń pè ní ẹ̀sẹ̀kútọ̀, ni yóò pe ẹjọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga, wọn yóò ní kí adájọ́ kéde pé ìwé náà múlẹ̀. Kí wọ́n ríi pé gbogbo ẹni tí ìdájọ́ lè kàn ni wọ́n fi tó létí, títí kan àwọn ọmọ tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀, torí ẹni tí kò gbọ́ lè padà wá tú gbogbo rẹ̀ ká lọ́dún tó ń bọ̀.

Orí bàbá pé

Ọjọ́ orí nìkan kì í sọ ènìyàn di aláìlọ́gbọ́n. Ìbéèrè tí kóòtù ń lò ti wà láti inú ẹjọ́ Banks àti Goodfellow ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1870: ṣé ó mọ̀ pé ìwé ìhágún lòun ń ṣe? Ṣé ó mọ ohun ìní tó ní? Ṣé àwọn tó yẹ kó rántí wá sí i lọ́kàn? Ṣé àìsàn ọpọlọ kankan wà tó yí ìpín rẹ̀ padà?

Ẹ kó ẹ̀rí jọ láti àyíká ọjọ́ tí ó fọwọ́ sí i. Fáìlì ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè. Bí dókítà bá kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn pé bàbá ń dáhùn ìbéèrè geere, ẹ̀rí ńlá ni. Lẹ́yìn náà, ìwé owó ilé tó fún ayálégbé, ìwé tó kọ sí báńkì, ohùn rẹ̀ lórí WhatsApp, ìpàdé ẹgbẹ́ tó ti sọ̀rọ̀. Lọ́yà tó kọ ìwé náà yẹ kó mú àkọsílẹ̀ ohun tí bàbá sọ fún un wá. Bó bá jẹ́ pé ara bàbá yá nígbà tó ń sọ ohun tó fẹ́ fún lọ́yà, ṣùgbọ́n tí àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára nígbà tó ń fọwọ́ sí i, ìwé náà ṣì lè dúró, bó bá ṣáà ti mọ̀ pé ohun tóun ní kí wọ́n kọ nìyẹn.

Fún ẹni tí kò mọ̀wé, ọ̀rọ̀ gba ìtọ́jú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kó wà nínú ìwé pé wọ́n kà á, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tó gbọ́, kí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó kọ ọ́ sì wà níbẹ̀. Ẹ wá ògbufọ̀ náà rí. Mo ti rí ẹbí tó kó ẹlẹ́rìí jọ tán tí wọn kò rántí ẹni tó ka ìwé sí Yorùbá fún ìyá wọn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni adájọ́ fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Bí ẹni tó kọ ìwé, tàbí tó mú lọ́yà wá, bá jẹ́ ẹni tí ìpín rẹ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ àkọ́bí, ìyàwó kékeré tàbí pásítọ̀, ẹ mọ̀ pé adájọ́ yóò la ojú rẹ̀ gbòòrò. Kò sọ ìwé di asán. Ó kàn fẹ́ ẹ̀rí tó nípọn pé bàbá mọ ohun tó wà níbẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i tinútinú. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀.

Àwọn ẹ̀sùn tí wọn yóò mú wá

"Ayédèrú ni." Ẹ̀sùn ọ̀daràn ni èyí, Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sì sọ pé ẹni tó bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan ènìyàn, kódà nínú ẹjọ́ ogún, gbọ́dọ̀ fi í hàn débi tí iyèméjì kò ní sí. Òfin kan náà fún adájọ́ láyè láti fi ìbuwọ́lù kan wé òmíràn. Ẹ kó ìbuwọ́lù olóògbé jọ láti ọdún kan náà tí ìwé náà jáde, torí ọwọ́ àgbàlagbà máa ń yí padà: ṣẹ́ẹ̀kì, káàdì báńkì, pásípọ́ọ̀tù, ìwé ilẹ̀. Ìbuwọ́lù ogún ọdún sẹ́yìn lè kó yín sí wàhálà.

"Wọ́n fipá mú un." Ẹ̀bẹ̀, ẹkún, ìránnilétí pé "èmi ni mo tọ́jú ẹ" kì í ṣe ipá. Ohun tí alátakò yóò fi hàn ni pé wọ́n borí ìfẹ́ bàbá débi pé ohun tó wà nínú ìwé kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Kóòtù kì í kàn rò ó bẹ́ẹ̀.

"Ó gbéyàwó lẹ́yìn tó ṣe ìwé." Èyí wúwo. Ìgbéyàwó lábẹ́ òfin kóòtù máa ń pa ìwé ìhágún tó ti wà ṣáájú rẹ̀ rẹ́. Ti ìbílẹ̀ kì í pa á. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé ìgbéyàwó àti ọjọ́ tó wà lórí ìwé ìhágún kí ẹ tó ná owó yín.

"Ilẹ̀ ẹbí ni." Bó bá jẹ́ òtítọ́, ẹ gbà. Láti ọdún 1931, nínú ẹjọ́ Ogunmefun ní Èkó, ni kóòtù ti sọ pé ọmọ ẹbí kò lè fi ìwé ìhágún fún ẹnikẹ́ni ní ìpín rẹ̀ nínú ilẹ̀ ẹbí. Ilẹ̀ yẹn nìkan ni yóò jáde nínú ìwé. Mo rọ̀ yín, ẹ má torí ilé bàbá àgbà tí kò ṣeé fúnni pàdánù ilé tí bàbá fi owó ara rẹ̀ kọ́.

Ogún kí ìdájọ́ tó dé

Kí ẹnikẹ́ni má gba owó ilé, kó má ta mọ́tò, kó má wó ilé. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí àṣẹ próbéètì ń tọrùn bọ wàhálà, kóòtù lè ní kó dá gbogbo rẹ̀ padà. Bí ilé ń jò, tí ayálégbé kò sì mọ ẹni tí yóò san owó fún, lọ́yà yín lè bẹ adájọ́ kó yan ẹni tí yóò máa bójú tó ogún títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Kí ẹ tó jà dé òpin, ẹ jókòó ṣírò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ìwé bá ṣubú tí kò sì sí òmíràn tó ṣáájú rẹ̀. Bí bàbá kò bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù, àṣà ni yóò pín ogún. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, olóògbé fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ ní Èkó. Adájọ́ àkọ́kọ́ fẹ́ orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìpín dọ́gba. Kóòtù gíga ju tirẹ̀ lọ ní 1958 sọ pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, ìdí mẹ́rin, ìpín mẹ́rin, ilé ẹjọ́ ọba ní London sì fọwọ́ sí i ní 1962. Alátakò tó jẹ́ ọ̀kan nínú ọmọ márùn-ún ìyá kan lè rí i pé ohun tí ìwé fún òun pọ̀ ju ohun tí ìdí-igi yóò fún òun lọ. Bí ẹ bá bá a ṣírò rẹ̀ sórí bébà, ní ìrẹ̀lẹ̀, ọ̀pọ̀ ìjà ni yóò rọlẹ̀ níbẹ̀. Ní Èkó, ẹ lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Multi-Door Courthouse, ibi tí wọ́n ti ń bá ènìyàn làjà dípò ìgbẹ́jọ́, tó ti wà láti 2002, kí àjọgbà yín sì di ìdájọ́ kóòtù. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tí kò tíì dàgbà bá wà nínú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin àgbà kò lè fọwọ́ sí i lórí rẹ̀ láìsí adájọ́.

Lẹ́yìn ìdájọ́

Ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ tí kóòtù lu òǹtẹ̀ sí, kí ẹ gbé e lọ sí próbéètì kí wọ́n fún àwọn ẹ̀sẹ̀kútọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ìwé yẹn ni báńkì àti ọ́fíìsì ilẹ̀ yóò béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ má yára pín nǹkan. Oṣù mẹ́ta ni ẹni tó pàdánù ní láti gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìyàwó, ọkọ, tàbí ọmọ olóògbé tí ìwé kò fún ní nǹkan tó tó, tún ní oṣù mẹ́fà láti ọjọ́ tí próbéètì bá ti fún yín láṣẹ láti lọ bẹ adájọ́ fún ìtọ́jú. Kí àwọn ẹ̀sẹ̀kútọ̀ san gbèsè olóògbé láàárín àkókò yìí, kí wọ́n sì máa kọ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde sínú ìwé kan.